Ó Fi Èròjà Pa Ohùn Mi

Fá a! Fá gbogbo ẹ̀, má bi mí léèmejì. Kí lo dúró tí ò ń wo irùngbọ̀n yẹn sí, bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ sin ọ̀rẹ́ ẹ̀? Irùngbọ̀n tèmi ni, èmi ni mo gbé e gba gbogbo ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà àtèyí tí mọ́tò ò gbọdọ̀ dé. Dókítà ní kí ọrùn mi dán láàárọ̀ ọ̀la kí àwọn tó fi abẹ kàn án, ó gbọ́dọ̀ dán náà nìyẹn. Bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ àgbọ̀n. Kò dùn mí, irun kì í dun èèyàn. Ohun tó ń dùn mí ń bẹ lẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀bù ẹ yìí, ó jókòó sórí àga tó ń yí, ó fi nǹkan dí etí méjèèjì, ó ń mi orí bí alángbá, ó ń pe ara ẹ̀ ní Ọ̀gá Ohùn.

Ọ̀gá Ohùn! Ṣíọ̀! Ohùn ta ló jẹ́ ọ̀gá fún? Ọmọ tó jẹ́ pé nígbà tó wà ní kékeré, tó bá ń sunkún, àwọn ará ilé kejì á rò pé ewúrẹ́ ló já sí kànga. Òun ló wá kọ ọ́ sára pátákó lókè ilẹ̀kùn, ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́, ó fi ti yẹ́lò yí i po, ó ya máìkì kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó dà bí àgbàdo tí eku ti jẹ kù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Òun nìkan ni wọ́n bí. Òun náà ló mú ohùn àbúrò ìyá ẹ̀, tó da èròjà sí i, tó sì fi pa á.

Kí n má sọ̀rọ̀ nítorí abẹ wà lọ́rùn mi? Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ gbé abẹ kúrò, tí mo bá ń mí gbé e padà, ṣé ìyẹn le ni? Èmi tí wọ́n fẹ́ ṣí ọ̀fun ẹ̀ lọ́la, ìwọ ni màá wá dákẹ́ fún lónìí? Tún gbé fóònù ẹ yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo pàúdà, iná pupa ara ẹ̀ ń ṣẹ́jú sí mi nínú dígí bí ẹni tó mọ̀ mí níbì kan. Nǹkan kan lò ń retí lórí ẹ̀? Ó dáa, jẹ́ kó wà níbẹ̀, kó máa ṣẹ́jú. Ó sàn ju àwọn tó ń lajú sílẹ̀ tí wọn ò rí nǹkan kan.

Jẹ́ kí n tò ó fún ẹ kó o lè bá mi bínú. Nǹkan kan hù sínú ọ̀fun mi. Dókítà gbé fọ́tò sókè síbi iná, ó na ìka sí i, ó ní ibi tí ohùn ti ń jáde gan-an ló jókòó sí. Ó ní àwọn á yọ ọ́, mi ò ní kú, ṣùgbọ́n ohùn tó bá kù lẹ́yìn ẹ̀, òun ò lè ṣèlérí. Ó lè jẹ́ èémí lásán. Mo ní kò burú. Ohùn yìí, mo ti lò ó dáadáa. Mo ti fi í pe mọ́tò dúró nínú òjò, mo ti fi í lé ajá, mo ti fi í bú àwọn ọ̀gá tó ju ọ̀gá lọ. Tó bá fẹ́ sinmi, kó sinmi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?

O mọ̀ wọ́n. Ìyá tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgbàlá ẹ̀yìn yìí, tí wọ́n máa ń fi ìró bàtà mọ ẹni tó ń kọjá, tí wọ́n ti bú ìwọ náà rí pé ò ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ọkọ ìyàwó tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀. Hẹn-ẹn, àwọn ni. Láti ìgbà tí ojú wọn ti fọ́, ohùn mi nìkan ni wọ́n fi ń rí mi. Èmi sì rèé, mi ò gbélé rí. Mo lè lọ títí ewé á fi wọ́ lórí igi, á tún hù, á tún wọ́. Ọjọ́ tí mo bá dé, mi ò ní kan ilẹ̀kùn, mi ò ní pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Màá dúró síta pẹ̀lú ẹrù mi, màá gbé e báyìí pé:

Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹsẹ̀ ti rẹ̀ mí o,
ẹni tó lọ ti dé,
ẹ gbé omi kaná.

Jọ̀ọ́, má wò mí bẹ́ẹ̀. Báyìí kọ́ ni mo ṣe ń kọ ọ́. Èyí tó o gbọ́ yẹn, ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí ni, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti kọ̀ tí ò gòkè mọ́. Tí ara ọ̀fun yìí bá dá, mo lè kọ ọ́ kí ẹyẹ fò lórí páànù. Ẹ̀gbọ́n mi á sì dáhùn látinú ilé, kíá, bí ẹni tó ti ń retí ìjà: "Omi ti tán!"

Ìyẹn ni pé káàbọ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n ti mọ̀ pé èmi ni, omi ti wà lórí iná, kí n bọ́ bàtà mi síta kó má bàa máa rùn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀, wọn ò kí mi káàbọ̀ rí bí ẹ̀gbọ́n ẹlòmíì ṣe ń kí àbúrò ẹ̀. Omi ti tán. Mo ti rin ìrìn tó lè pa ẹṣin nítorí ọ̀rọ̀ yẹn.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí dókítà sọ, wọ́n pè mí, wọ́n na ọwọ́ títí wọ́n fi rí ọrùn mi dì mú. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀-ò-gbélé, kó o tó lọ, fi ohùn ẹ sílẹ̀ fún mi. Tó o bá padà dé lọ́jọ́ kan tó ò lè pariwo mọ́, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ìwọ ni, pé kì í ṣe olè? Jẹ́ kí n ní nǹkan tí màá máa gbọ́." Olè! O rí bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn èèyàn? Ó ká mi lára tó jẹ́ pé mo ní ẹ̀fúùfù ló wọ̀ mí lójú.

Ibẹ̀ ni ẹranko ọmọ yẹn ti bọ́ sí i. Mo ní kí wọ́n kàn gbé fóònù sẹ́nu mi, ká parí ẹ̀. Ó fò sókè. "Fóònù kẹ̀? Mọ́mì, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tí Bàbá ń sọ? Èmi tí mo ní odindi sítúdíò ni wọ́n á máa fi fóònù gba ohùn àbúrò ìyá mi? Kí làwọn èèyàn á wí?" Àwọn èèyàn! Mo ti rìn káàkiri, mi ò tíì pàdé àwọn èèyàn tí wọ́n ń wí yẹn.

Rọra níbẹ̀ yẹn, eegun ọ̀fun mi ni, kì í ṣe irun.

O ti wọnú sítúdíò yẹn rí? O ò tíì wọ̀ ọ́? Má wọ̀ ọ́. Ó lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri yíká, ó gbé mátíráàsì ògbólógbòó nàró sígun ilé, ó fi aṣọ ìkélé tó nípọn dí fèrèsé, ó wá pa fáànù. Mo ní kí ló dé tó fi pa fáànù, ó ní fáànù ń mí sínú máìkì. Èmi ńkọ́, ṣé kí n má mìí ni? Ó ní kí n mí jẹ́jẹ́. Ó ní kí n má wúkọ́, kí n má ha ẹsẹ̀ nílẹ̀, kí n bọ́ ṣéènì tó wà lọ́rùn ọwọ́ mi. Ó wá na ìbọ̀sẹ̀ obìnrin sára irin róbótó kan, ó gbé e dí mi lẹ́nu. Ó ní nítorí itọ́ ni. Mo wo ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ náà wò mí. Lágbà mi yìí!

Mo kọrin. Ní tèmi, mo kọ ọ́. Ọ̀fun ń ta mí bí ẹni pé mo gbé ìgò fífọ́ mì, mo kọ ọ́ náà, mo rí ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n mi lójú mi, mo rí ìkòkò lórí iná, mo kọ ọ́ débi tí òógùn fi wọnú bàtà. Lẹ́yìn dígí, ó gbé àtàǹpàkò sókè. Mo ní ó ti parí. Ó ní, "Ó ku èròjà díẹ̀, Bàbá."

Èròjà! Ṣé ọbẹ̀ ni mí?

Ó pè mí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí n wá gbọ́. Ó tẹ nǹkan kan, mo di èèyàn púpọ̀, èmi lọ́tùn-ún, èmi lósì, èmi lókè àjà, gbogbo wa ń ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn wo ló fẹ́ gba gbogbo wa? Ó tún tẹ òmíì, ohùn mi gòkè, mo di ẹ̀fọn. Ó fà á sílẹ̀, mo di tírélà tó ń gun òkè. Ó yí orin náà sẹ́yìn, kó máa ti ìparí bọ̀ síbẹ̀rẹ̀, mo ń dún bí omi tó ń wọ ihò balùwẹ̀, ó ń pa àtẹ́wọ́ fún ara ẹ̀! Ó ní, "Bàbá, kò sẹ́ni tó ṣe irú èyí rí." Mo ní ṣé o ò bi ara ẹ léèrè ìdí tí wọn ò fi ṣe é?

Ẹ̀yìn ìyẹn ló gbé bákẹ́ẹ̀tì wá. Bákẹ́ẹ̀tì oníke, èyí tí wọ́n fi ń nulẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀, ó fi máìkì kọ́ ọ lẹ́nu, ó ní kí ohùn mi jáde látinú ibẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, abẹ wà lọ́rùn mi: èyí dùn. Ó dùn mọ́ mi. Mo ti sùn rí nínú táńkì epo tó ṣófo, lọ́gbà àwọn tó ń gé irin, tí òjò ò jẹ́ kí n jáde, mo kọrin níbẹ̀ fún ara mi, ohùn náà ń yí mi ká bí ẹni tó ń wá aṣọ tó máa dà bò mí. Bákẹ́ẹ̀tì ọmọ yìí rán mi létí. Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ní dúró níbẹ̀ yẹn, má ṣe nǹkan mìíì sí i, ó ti tó. Ṣé ó gbọ́? Ó ní ìbẹ̀rẹ̀ lèyí.

Lẹ́yìn náà ló ní ohùn mi wọ́, pé òun á tò ó. Gbọ́ èyí dáadáa, torí èyí gan-an ló bí mi nínú jù. Níbi tí mo ti ní "ẹsẹ̀ ti rẹ̀ mí o", "o" yẹn, mo máa ń jẹ́ kó jábọ́ ni. Mo máa ń jù ú sílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń ju ẹrù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣebí mo ní ó rẹ̀ mí! Ọmọ yìí gbé e, ó nà á tọ́, ó fi gbogbo ẹ̀ sórí ìlà kan, ó rọ́ ọ títí tó fi ń dán. Ẹni tó ti rẹ̀ wá nàró bí ṣójà tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò! Ó tún gé gbogbo ibi tí mo ti mí kúrò. Ó ní èémí ń díwọ́. Èémí tèmi! Ohun tó kù nínú ayé mi gan-an ló ní ó ń díwọ́!

Ó gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbé ẹ̀rọ ńlá kan sí àgbàlá, èmi dúró lẹ́yìn, mi ò mí. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn náà jáde, ó tàn, ó ń dán, ó ń rú èéfín. Ẹ̀gbọ́n mi dẹ etí sílẹ̀, wọ́n tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo ń retí. Ó kọjá "ẹ ṣílẹ̀kùn", ó kọjá "ẹni tó lọ ti dé", ó dé "ẹ gbé omi kaná". Mo ní ó yá, omi ti tán, ẹ wí i, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́.

Wọ́n ní, "Ta ló ń polówó ọjà níta yẹn? Ẹ sọ fún un pé a ò rà."

Ò ń rẹ́rìn-ín? Rẹ́rìn-ín. Ọmọ wọn náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, àbúrò yín mà ni." Wọ́n ní kó tún un fi sí i. Wọ́n tún gbọ́ ọ. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Rárá. Èyí ò tíì rìn débì kankan." Wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ tọ ògiri wọlé lọ. Èmi tí mo dúró lẹ́yìn, mi ò lè pè wọ́n, ọ̀fun ti dí pa.

Mo gbá a lọ́rùn ẹ̀wù mú. Mo ní yọ èròjà ẹ kúrò, fún mi ní ohùn mi bí mo ṣe gbé e wá, tútù, láìní iyọ̀. Ó ń họ orí. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kò sí." Báwo ni kò ṣe sí? Ó ní òun ti fi èyí tó ń dán pa èyí tí mo kọ́kọ́ kọ rẹ́, pé òun ò tọ́jú èyí tí ò ní nǹkan lára, pé báyìí làwọn akínkanjú ṣe ń ṣe é kí ọkàn wọn má bàa ṣe méjì. Akínkanjú! Ẹyin kan ṣoṣo ló kù ní abẹ́ adìyẹ, ó sè é kó tó bi ẹnikẹ́ni léèrè! Gbogbo àwọn bọ́tìnnì tó ń tẹ̀ yẹn, dídà ló ń dà kún un, kò sí èyí tó lè yọ nǹkan kan kúrò nínú wọn. Ó wá gbójú sókè, ó ní kí n jẹ́ ká tún un gbà. Tún kí ni gbà? Ṣé o gbọ́ bí mo ṣe ń dún?

Ó ní ọgbọ́n àtinúdá ni. Ó ní òun ń dán nǹkan tuntun wò. Dán an wò lára ohùn ara ẹ! Dán an wò lára ajá, ajá pọ̀ ládùúgbò yìí!

Gbọ́. Gbọ́ ọ báyìí! Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. "Ẹsẹ̀, sẹ̀, sẹ̀, sẹ̀, ẹsẹ̀, sẹ̀, sẹ̀." Ó ti gé mi lẹ́sẹ̀ wẹ́wẹ́! Ó ti fi ìlù sí i, àwọn èèyàn á máa ju ìdí sí i, wọn ò ní mọ̀ pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fẹ́ wọlé ni. Ẹ̀hẹ́n! Mo rí ẹsẹ̀ ẹ nínú dígí! Ìwọ náà ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀! Ìwọ tó ò ń fá mi! Ojú ò tì ẹ́?

Fi omi nù ún kí n wò ó.

Háà. Ta nìyí? Ọrùn mi rèé? Ó rí bí ti adìyẹ tí wọ́n ti hú ìyẹ́ ẹ̀. Ìdajì èmi, ìdajì àlejò. Mi ò rí àgbọ̀n yìí láti ìgbà tí mo ti ń ru sìmẹ́ńtì. Ìwọ náà ti yọ èròjà tèmi kúrò, àbí? Ó ṣeé yọ, o rí i? Ó ṣeé yọ tí ẹni tó mọṣẹ́ bá dì í mú.

Dúró. Dúró ná. Fóònù yẹn ò tíì ṣíwọ́ ṣíṣẹ́jú. Kí lò ń retí lórí ẹ̀ tó pẹ́ tó báyìí? Kí lo fi ọwọ́ bo ẹnu sí? Ò ń gbà á? Ò ń gba ohùn mi? Láti ìgbà wo? Láti ibi tí mo ti ní fá a? Ìwọ... ìwọ onígbàjámọ̀ àbòsí! O fẹ́ fi mí ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kí wọ́n máa ní ẹ wá gbọ́ bàbá arúgbó kan tó ń bú ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀! Kí abẹ ẹ kú! Kí agolo pàúdà ẹ da sílẹ̀! Kí gbogbo orí tó o bá fá máa hu irun kó o tó gbọn aṣọ!

Gbé e wá. Jẹ́ kí n gbọ́.

...

Bí mo ṣe ń dún rèé? Bí ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì kó òkúta? Gbọ́ fáànù ẹ níbẹ̀, ó ń mí bí akọ màlúù. Gbọ́ abẹ. Gbọ́ ṣíọ̀ mi! Tún ibi orin yẹn ṣe kí n gbọ́... hẹn. Hẹn. Kò gòkè. Ṣùgbọ́n ó jábọ́. O gbọ́ "o" yẹn? Ó jábọ́ síbi tó yẹ kó jábọ́ sí gan-an. Mo gbọ́ èémí mi náà, kò díwọ́ fún nǹkan kan. Tún tẹ̀ ẹ́, kó máa gbà mí lọ.

Ta ló tún lè bú ọmọ wọn báyìí nílé ayé yìí, bí kì í bá ṣe èmi? Ta ló ń ṣàròyé tó báyìí, tí wọ́n á fi ní olè ni? Orin ni mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n fi sílẹ̀. Orin kẹ̀! Láti ìgbà tí mo ti ń wọlé wọn, ṣé orin ni mo máa ń fi jẹun? Àròyé ni! Látorí ọ̀nà tí ò dáa dórí omi tó tutù jù!

Hẹẹ̀! Ẹ gbà mí o! Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀, fi abẹ sílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tó kù lè dúró, ọrùn ni dókítà bèèrè. Gbé e lọ bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, báyìí-báyìí. Wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ kí wọ́n mọ̀ pé ìwọ lò ń bọ̀. Má gba iwájú sítúdíò kọjá, gba ẹ̀yìn, má jẹ́ kí ọmọ yẹn fọwọ́ kàn án, tó bá dárúkọ èròjà, fi àga lé e. Má gé èébú kankan kúrò. Má gé ikọ́. Jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti "Fá a" kó lọ dé òpin, kó o dúró tì wọ́n, kó o má sọ nǹkan kan, kó o ṣáà dẹ etí. Tí wọ́n bá ní omi ti tán, sáré padà wá wí i fún mi bí wọ́n ṣe wí i gan-an, kí n lè gbé e wọ yàrá àwọn dókítà lọ́la.

Háháhà! A ò rà, wọ́n ní! Háháhà! Kí ló dé tó ò ń na ọwọ́ sí i? Má tíì pa á, ọ̀rẹ́ mi, má tíì pa á! Jẹ́ kí ẹ̀rín yìí wọlé tán!